Láti Ibi Ẹ̀rọ Omi Ni Kó O Ti Pè

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ, ẹ kú àdáṣe. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ kò dùn yín mọ́? Baba Onílẹ́tà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń kígbe "Lẹ́tà o!" láti ibi ẹ̀rọ omi kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà yín? Ẹ bá mi kí wọn. Àwọn nìkan ló ń gbé ohùn mi wọlé tọ̀ yín wá, nítorí ẹ ti kọ fóònù sílẹ̀ bí ẹni kọ ọkọ burúkú.

Èmi náà wà dáadáa. Iṣẹ́ ilé ìfọṣọ ń lọ. Aṣọ ìbusùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ti ọsibítù ni à ń fọ̀. Wọ́n á kó wọn dé láàárọ̀ bí òkè, a ó ká wọn, a ó kó wọn jáde nírọ̀lẹ́. Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ máa ń kún fún ooru omi gbígbóná débi pé n kì í rí ẹni tó wà ní òdìkejì tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, tó di etí aṣọ kejì mú. Bí a bá na aṣọ funfun náà láàárín wa, tí atẹ́gùn gbé e sókè, tó tún rọra balẹ̀, nígbà míì n kì í mọ̀ bóyá mo lajú ni àbí mò ń sùn. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Alálàá. Ẹ ò purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun kan fún yín. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́ ni Èmi-Ni-O. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè wọ yàrá kankan láìpè láti òkèèrè, bí ẹ ṣe kọ́ mi láti kékeré. Bí mo bá ti dé orí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá ké: "Èmi ni o!" Wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín títí, ó ti sú wọn. Lọ́jọ́ ìbí mi, mo ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ké bí ìṣe mi, mo ṣílẹ̀kùn yàrá tí à ń kó aṣọ sí. Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Lójijì ni gbogbo aṣọ funfun dìde nílẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀, wọ́n sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Sọpuráìsì!" Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sá pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Wọ́n ra kéèkì, wọ́n tan àbẹ́là. Ohùn tí mo fi ké ló tú mi fó fún wọn.

Màmá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀ o. Ẹkún ọmọdé ni, mi ò sì mọ ibi tó ti wá. Ọ̀gá Ìlọṣọ, ìyá àgbà kan tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló mú aṣọ tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi bò mí léjìká. Ojú tì mí gan-an.

Ẹ mọ̀ pé mò ń lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Tíṣà wa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní ká máa pọ̀n ọ́n kiri bí ọmọ, ká wá gbogbo ìbátan rẹ̀ rí, ká sì wá sọ fún kíláàsì ohun tí wọ́n ń pè é lédè wa. Mo ròyìn ọjọ́ ìbí mi fún un, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Sọpuráìsì ni tìẹ." Kí là ń pè é lédè wa, Màmá? Kí ló sì dé tí mo fi sunkún?

Ọmọ yín,
Alálàá.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Alálàá mi, ọkọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Ara mi le, ẹsẹ̀ mi ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Baba Onílẹ́tà ní kí n kí ọ. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun àwọn ti fẹ́ ya nítorí igbe tí mo ń mú wọn ké, pé ní gbogbo àdúgbò yòókù, àwọn a máa rọra ti ìwé bọ abẹ́ ilẹ̀kùn ni. Mo ní kí wọ́n máa mu omi tí wọ́n bá ti ké tán, ṣebí ẹ̀rọ omi náà nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìwọ lo ń pe fóònù ní ọkọ tí mo kọ̀? Kò burú. Nǹkan tó dákẹ́ kalẹ̀ láti àárọ̀ bí ẹni tí kò lẹ́nu, tó wá lọgun nígbà tí abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, ṣé ọkọ rere nìyẹn? Lẹ́tà ló mọ ìwà hù. Á ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, á kígbe ní ẹ̀rọ omi, á jókòó dè mí títí màá fi nu ọwọ́ mi.

Ẹjọ́ rẹ wà lọ́wọ́ mi o. Ìgbà wo lo fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́? Nínú èyí tó wà lára ògiri mi, ọrùn rẹ kò tó ọrùn ìgò. Mo fẹ́ rán ṣẹ́ẹ̀tì fún ọ, mi ò sì mọ irú ara tó o ti gbé wọ̀ níbẹ̀. Ní kí ẹnì kan fi téèpù wọ̀n ọ́: èjìká, àyà, apá, ọrùn. Má ṣe é fúnra rẹ, o ò mọ èjìká yàtọ̀ sí ìgúnpá.

Ní ti ọ̀rọ̀ rẹ. Ìwọ àti tíṣà rẹ rò pé ọ̀kan ni? Odindi ẹbí ni, wọn ò sì jọ ń gbé inú yàrá kan náà. Ìyàlẹ́nu wà. Ẹnu ló máa ń wá bá: ẹnu á là, ọ̀rọ̀ á sá. Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láyé ó yà mí lẹ́nu, torí o ò pe màmá, "òwú" lo pè. Àrà tún wà, ìyẹn tọwọ́ ẹni ni. Bí mo bá fi àjákù aṣọ rán kaba, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ò rí ibi tí mo ti so ó pọ̀, mo dárà nìyẹn. Kàyéfì ni èyí téèyàn ń rò tí kò rídìí rẹ̀, bí òjò ọdún yẹn tó rọ̀ sí ọ̀tún àdúgbò wa tí kò kan òsì, tá a dúró láàárín títì tá a ń na ọwọ́ kan sínú rẹ̀. O rántí? Kì í ṣe àlá tí èmi nìkan lá. Bí téèpù mi bá sọnù tí mo wá a títí, tí mo wá bá a lọ́rùn ara mi, ìyẹn kì í ṣe kàyéfì, àgbà ló dé. Èèmọ̀ sì ni ti oníbàárà tó gbé aṣọ tí kò ká èèyàn kan wá, tó ní kí n fi rán ti òun, ti ọmọ òun, kí n sì fi èyí tó kù rán fìlà fún ọkọ òun. Ìyanu, ti Ọlọ́run ni, mi ò ní dá sí i.

Àwọn kan ṣì kù. Èèyàn ta gìrì. Àyà rẹ̀ já. Ìwọ̀nyẹn kì í gbé ẹnu, àyà ni wọ́n ń gbé. Mi ò fẹ́ràn wọn, mi ò sì ní kọ nípa wọn.

Ẹkún tó o sun, ebi ló ń pa ọ́. Máa jẹun kó o tó lọ síbi iṣẹ́.

Èmi,
Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé èsì pẹ́, iṣẹ́ pọ̀. Fọ́tò ń bọ̀, ẹ ṣe sùúrù. Ìwọ̀n ara mi rèé nínú bébà kékeré yìí. Ọ̀gá Ìlọṣọ ló wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn náà ní ọmọkùnrin tó wà lọ́nà jíjìn, àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ọmọ.

Mo jẹun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn o, Màmá. Mo jẹ, mo yó.

Mo ka ìwé yín fún kíláàsì. Nígbà tí mo dé ibi oníbàárà àti fìlà ọkọ rẹ̀, tíṣà wa rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ dígí ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí náà lẹ́bí tiẹ̀. Wọ́ńdà wà nínú wọn, ẹni jẹ́jẹ́ nìyẹn, á máa wo ojú ọ̀run. Ṣọ́ọ̀kì wà, bí ẹni tí iná gbé. Sọpuráìsì fúnra rẹ̀ ni wọ́n tún máa ń lò fún ọmọ ogun tó bá ọ̀tá lójú oorun. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi pamọ́ fún èèyàn, orúkọ yẹn náà ni wọ́n ń pè é. Tíṣà ní nígbà láéláé, ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju pé kí nǹkan ti òkè wá gbá èèyàn mú. Mo bi í pé báwo ni ẹ̀bùn àti ogun ṣe ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ó ní ọwọ́ ẹni tó gbá ọ mú ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti pariwo mọ́ mi ni àlá kan ti ń pààrà mi. Mo wà lábẹ́ tábìlì ẹ̀rọ yín, lórí àjákù aṣọ, bí mo ṣe máa ń sùn síbẹ̀ ní kékeré. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú aṣọ pupa kan wọlé wá bá mi, ojú ọwọ́ mi sì pupa. Ẹsẹ̀ yín ń tẹ ẹ̀rọ. Ọkùnrin kan wà lókèèrè, ní ẹ̀rọ omi, ó ń pe nǹkan, ẹ̀rọ yín sì dúró. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Bí mo bá ti ń gbìyànjú láti gbọ́, màá jí. Ta ni, Màmá? Kí ló ń sọ?

Kí ló tiẹ̀ dé tí gbogbo ayé fi ní láti pè láti ẹ̀rọ omi kí wọ́n tó wá sílé wa? Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe nílé gbogbo èèyàn, àfi ìgbà tí mo dé ìhín. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá ṣàdédé yọ sí yín lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí kò pè, tí kò sọ tẹ́lẹ̀, ṣé kò ní dùn mọ́ yín nínú?

Ọmọ yín,
Alálàá.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Alálàá,

Ìwé rẹ dé. Bébà ìwọ̀n náà dé. Mo wò ó, mo gbé e sílẹ̀, mo tún lọ wò ó. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó wọ̀n ọ́.

Kò ní dùn mọ́ mi. O gbọ́? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé yọ sí mi, ìbáà jẹ́ ẹni tí mo bí. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá sílé mi, láti ibi ẹ̀rọ omi ni kó ti pè. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ayọ̀ àgbọ́tẹ́lẹ̀ ò sì pa ẹnì kan rí. Bí èrò kan bá wà lọ́kàn rẹ, yọ ọ́ kúrò.

Àlá, àlá ni. Sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kejì.

Mo ti gé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ. Aṣọ náà tutù lára, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú sánmà ní kùtùkùtù. Kọ̀wé sí mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù keje

Alálàá mi, ọkọ mi, olùfẹ́ mi,

Mi ò gbúròó rẹ. Mo kọ̀wé sí ọ nínú oṣù karùn-ún, mo tún kọ èyí tó kúrú nínú oṣù kẹfà, o ò fèsì èyíkéyìí. Ṣé mo fi ọ̀rọ̀ gún ọ ni? Mo mọ̀ pé ẹnu mi mú. Àwa tá a ń fi eyín já òwú, ẹnu wa kì í rọ̀.

Baba Onílẹ́tà ti ń rọra kọjá níwájú ilé mi bí ẹni jẹ gbèsè. Bí wọ́n bá dé ibi ẹ̀rọ omi tí wọn ò kígbe, èmi náà á mọ̀ pé kò sí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Lánàá wọ́n kígbe. Mo dìde, ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ràn, mo fi ọwọ́ di ògiri mú títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Ìwé ilé iṣẹ́ iná ni.

Lọ́sàn-án, nígbà tí òòrùn bá wọ inú ilé tó sì dé orí aṣọ, oorun ń gbé mi lọ nídìí ẹ̀rọ báyìí. Mo ń rí ọ láàárín aṣọ funfun tó o kọ̀wé nípa rẹ̀, o ń na tìẹ, mo ń na tèmi, a ò rí ojú ara wa. Mo ń sọ nínú àlá yẹn pé: "Sọ̀rọ̀, kí n lè mọ̀ pé ìwọ ni." O ò sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́ rẹ ń bọ̀ wá sílé mi láìpè, ọmọ mi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Jẹ́ kí n sọ ti ejò náà fún ọ.

Ọkùnrin inú àlá rẹ kì í ṣe àlá. Bàbá rẹ ni. O mọ̀ pé awakọ̀ akẹ́rù ni wọ́n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé wọn, wọ́n ti ìrìn àjò dé lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ bá mi ṣeré, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n yọ́ wọlé, wọ́n sì hó lé mi létí. Mo ta gìrì. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ wọ ìka mi, ó sì jáde ní òdìkejì. Ọkùnrin gìrìwò bẹ́ẹ̀ gbé mi sáré lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, wọ́n ń sunkún jù mí lọ. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé èwo nínú wa ni abẹ́rẹ́ gún.

Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ẹ̀rọ omi, wọ́n á ti ké sí mi: "Ìyá ilé, gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo dé o!" Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Màá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Láàárín ìgbà tí mo gbọ́ wọn àti ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, mo ti yọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá wá rí wọn, màá tún yọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń yọ̀ sí ọkọ mi, nígbà tí àwọn obìnrin yòókù ń yọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, o sùn lábẹ́ tábìlì mi. Mò ń ti aṣọ bọ abẹ́ ẹ̀rọ. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè. Mo kàn rí i pé ìmọ́lẹ̀ dínkù lórí aṣọ, mo gbójú sókè, àwọn èèyàn ti kún ẹnu ọ̀nà mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni, àti àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn, fìlà lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó pè láti ẹ̀rọ omi. Mo mọ̀ kí wọ́n tó la ẹnu. Igbe tí mo ké ló jí ọ. O jáde lábẹ́ tábìlì, o rí ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹkún tó o sun láàárín aṣọ funfun yẹn, kì í ṣe ebi. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n pè. Àwọn kan ní orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n opó ni mí, wọ́n gbà fún mi. Bí ẹnì kan bá sì ti pè láti ibẹ̀, bó ṣe ẹlẹ́ran, bó ṣe olómi, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìròyìn ikú ló ń bọ̀, torí ikú kì í pe èèyàn láti ẹ̀rọ omi.

Mo fẹ́ sọ ọ̀kan sí i. Ìwọ̀n tó o fi ránṣẹ́, ìwọ̀n bàbá rẹ ni. Èjìká, àyà, apá, kò lé, kò dín. Nígbà tí mo gé ṣẹ́ẹ̀tì náà, n kò wo bébà. Ọwọ́ mi rántí fúnra rẹ̀.

Kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí mi. Mo bẹ̀ ọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ

Màmá mi, Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo wà láàyè. Ara mi le. Kò sí ohun tó ṣe mí. Ẹ jókòó, ẹ mí kanlẹ̀, kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù.

Ẹ foríjì mí. Ọ̀rọ̀ yín kò gún mi. Ìwé ọkọ̀ òfuurufú ni mo rà, mo fẹ́ yọ sí yín lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá kọ̀wé, mo mọ̀ pé ẹ máa rí i nínú ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Kò sí irọ́ tí mo pa fún yín rí tó dé ọjọ́ kejì. Ni mo bá dákẹ́. Mo ka èyí tẹ́ ẹ fi kọ̀ fún mi, mo sì sọ fún ara mi pé àgbà ló ń ṣàgbà, pé bẹ́ ẹ bá rí mi, ẹ máa gbàgbé. Lójoojúmọ́ nínú ooru omi yẹn ni mo ń wò ó bí ẹni wo sinimá: òjìji mi á bọ́ sórí aṣọ yín, ẹ ó gbójú sókè, ẹ ó kígbe, ẹ ó bú sẹ́rìn-ín. Inú mi á dùn, màá máa rẹ́rìn-ín èmi nìkan. Ọ̀gá Ìlọṣọ bi mí pé ọmọge wo ni.

Ìgbà tí ìwé yín dé, àpótí mi ti kún. Mo jókòó lórí rẹ̀, mo kà á. Òjìji lórí aṣọ, Màmá! Ohun tí mo ń pè ní ẹ̀bùn, ó ti wá bá yín rí, ó sì mọ ojú ọ̀nà. Mo ka ìwé yín fún Ọ̀gá Ìlọṣọ, mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀ mọ. Wọ́n kàn pa áyọ́ọ̀nù, wọ́n jókòó tì mí.

Ó dáa, mo ti ń pè yín láti ìhín yìí. Mò ń bọ̀. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án ni, lọ́sàn-án, nígbà tí òòrùn bá ti kúrò lórí àtẹ̀gùn yín. Mo máa sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀rọ omi. Kò sí ẹlòmíì tó ń bọ̀ pẹ̀lú mi. Ẹ sọ fún Baba Onílẹ́tà, ẹ sọ fún gbogbo àdúgbò, kí ẹ má baà rí ohun tí yóò já yín láyà.

Mo sọ̀rọ̀ mi níwájú kíláàsì. Mo ní lédè ìyá mi, àwọn ọ̀rọ̀ yìí pín ara èèyàn láàárín ara wọn: èyí tó ń yani lẹ́nu, èyí tó ń jọni lójú, èyí tó ń já àyà ẹni. Tíṣà bi mí bóyá ọ̀kan wà tó ń gbé ọwọ́. Mo ní màá bi yín.

Mo ń bọ̀,
Alálàá.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án

Ọkọ mi,

Bó o bá ń ka èyí, o ti dé yàrá rẹ, o ti ṣí àpótí, o ti tú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ sánmà yẹn tí mo ká. Inú àpò àyà rẹ̀ ni mo fi ìwé yìí sí. Mo mọ̀ pé ó bá ọ lójijì. Kò burú, èmi náà jẹ ọ́ ní ọ̀kan.

Gbogbo ọjọ́ tó o lò lọ́dọ̀ mi, mi ò lè sọ ọ́ lójú rẹ. Ẹ̀rín ló ń gbé wa kiri, àwọn èèyàn sì ń wá wò ọ́ bí ìyàwó tuntun. Jẹ́ kí n sọ ọ́ níhìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo ti múra. Mo gbá ilé, mo tún un gbá. O ti sọ oṣù, o ti sọ ọjọ́, o ti sọ ibi tí òòrùn máa dé. Mo sọ fún ara mi pé, "Ìwọ obìnrin yìí, kò sí ohun tó kù tó lè bá ọ lójijì." Mo mọ̀ pé o máa pe "Èmi ni o!" bí gbogbo ayé ṣe ń pè. Mo ní mi ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò mọ ìjókòó, kí leèyàn fẹ́ fi í ṣe? Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, mo ní kí n kàn so bọ́tìnì tó gbẹ̀yìn.

Ni mo bá gbọ́ ọ. "Ìyá ilé, gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo dé o!"

Ọmọ mi. Nígbà tó o fi kúrò nílé, ohùn rẹ ṣì ń fọ́. Ta ló fún ọ ní ohùn yẹn? Wọ́n ní obìnrin tó ń pọn omi lọ́wọ́ gbàgbé garawa rẹ̀, omi kún, ó ń ṣàn lọ sójú títì. Baba Onílẹ́tà, tí wọn ò mú ìwé kankan wá lọ́jọ́ náà, ṣí fìlà. Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mo sì mọ̀ pé bàbá rẹ ni. Mi ò yan ọ̀kan, mo gba méjèèjì, mo sì jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ lórí òkúta wẹẹrẹ, tí kò yá, tí kò falẹ̀, bí ìgbà tí mo wà lọ́mọge. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kún ẹnu ọ̀nà mi, mi ò yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Mo yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn.

Sọ fún tíṣà rẹ pé ó wà, ọ̀kan wà tó ń gbé ọwọ́. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo wá a láàárín gbogbo àwọn tí mo kọ fún ọ, kò sí níbẹ̀; àrà, ọwọ́ ló ń dá a, kì í gbé ibẹ̀. Ọwọ́ mi kàn ṣí fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì jábọ́. Kò gún mi. A wá a títí, a ò rí i, àfi ìgbà tí ìwọ fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ bá wa rí i, tó o ń fò lẹ́sẹ̀ kan kiri ilé bí adìẹ. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo sunkún. O rò pé ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń sunkún sí.

Mo ti sọ fún àdúgbò pé ẹni tó bá wù ú kó máa wọlé. Olómi wọlé láìpè láàárọ̀ àná. Mo ta gìrì díẹ̀, mo sì bú u díẹ̀, ó sì tán síbẹ̀. Baba Onílẹ́tà ní àwọn ò ní ṣíwọ́ igbe ní tiwọn, pé ó ti mọ́ àwọn lára.

Ṣùgbọ́n ìwọ, nígbà tó o bá tún ń bọ̀, má kọ ọjọ́ sí mi. Má sọ oṣù. Jẹ́ kó gbá mi mú láti òkè bí tíṣà rẹ ṣe sọ. Tó o bá ti dé ibi ẹ̀rọ omi, pè mí bó o ṣe pè mí yẹn, kí n lè gbọ́ ẹ̀yin méjèèjì.

Òòrùn ń kúrò lórí àtẹ̀gùn bí mo ṣe ń kọ èyí. O wà nínú yàrá kejì, ò ń sùn, mo ń gbọ́ èémí rẹ. Lọ́la lo ń lọ, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ. Mo ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Ìyá rẹ.